Ìwọ Lórí Pápá, Ẹ̀yin Nílé

Iṣẹ́ aṣọ́lé kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan, ti ẹnu náà ni. Ẹni tó dúró síwájú àwọ̀n ló ń rí gbogbo pápá, òun ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, pé kí wọ́n sún, pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ọlọ́run ò sì fi ẹnu dù mí. Ìyá mi ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì ló sáré wá wò ó. Mo tún máa ń tètè bínú, ẹ fi ìyẹn kún un. Ní sáà kan ṣoṣo tí mo gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin, ẹnu yìí ló ràn wá lọ́wọ́ dé ibi tí a dé, òun náà ló sì ba ohun tí mi ò rí tún ṣe mọ́ jẹ́.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní yunifásítì ni gbogbo wa, Yorùbá ló sì pọ̀ jù. Ìdíje tí a wọ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, láti Berlin àti Hamburg, òfin rẹ̀ sì le: ẹni tí kò bá ní Studentenausweis, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ pápá. A ka ara wa, a pé mọ́kànlá, àmọ́ ọ̀kan nínú wa ò lè gbá bọ́ọ̀lù kódà bí wọ́n bá gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Balógun ẹgbẹ́ wa, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ló wá sọ pé bàbá kan wà ní ìjọ Aládùúrà tí òun ń lọ, pé wọ́n ń ka ìwé ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, pé wọ́n ní káàdì, pé wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù rí nígbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni bàbá yìí. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa pè wọ́n láti ọjọ́ kìíní, Ẹ̀gbọ́n náà ni mo ṣì ń pè wọ́n. Wọ́n dé pápá wa ní àdúgbò Neukölln ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi pólíìṣì kùn títí tó ń dán, a sì ń fi ojú sọ fún ara wa pé a ti gbé ìyọnu wọlé. Kò pé wákàtí kan tí ojú fi tì wá. Ẹ̀gbọ́n ò yára, ṣùgbọ́n ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró dè é. Wọ́n bọ́ sí àárín ẹ̀yìn, wọ́n tò wá bó ṣe yẹ kí a tò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọmọ tuntun sì ni wá lóòótọ́.

Ìyọnu tó wà níbẹ̀ jáde nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù kan yí wá sí ẹ̀yìn wa jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti sá tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì wa, ọmọ pásítọ̀ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló sún mọ́ ọn jù. Mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Báwo ni èèyàn ṣe máa sọ ìyẹn fún ẹni tó tó àbúrò bàbá òun? Mo fi gbogbo ohùn mi kígbe: “Ẹ fi sílẹ̀!”

Ẹ̀gbọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọ pásítọ̀ náà fi í sílẹ̀. Àwọn méjì tó kù ní ẹ̀yìn dúró gbagidi, ọ̀kan tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí rẹfirí lè rí i pé òun ò fọwọ́ kàn án. Òyìnbó kan rìn gba àárín wa, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò bá onílé, ó sì gbá a wọlé.

Mo fò mọ́ ọmọ pásítọ̀ náà. “Kí ló dé tí o fi sílẹ̀?”

“Ìwọ lo ní ká fi sílẹ̀ now!”

“Ẹ̀gbọ́n ni mo ń bá wí!”

“Ṣé èmi mọ̀? O ní ‘ẹ’. Ṣé gbogbo wa kọ́ ni ‘ẹ’ ni?”

Wọ́n nà wá ní mẹ́ta sí òdo lọ́jọ́ náà, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀bi ìwà ọmọlúàbí. Lẹ́yìn rẹ̀ a jókòó sórí koríko, a ń mu Malt, a ń wá ọgbọ́n. Balógun ní ká máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: “Leave it, sir!” A dán an wò. Kí èèyàn tó dé orí “sir” yẹn, ọ̀tá ti ń ṣe àjọyọ̀. Ẹlòmíràn ní ká máa sọ ọ́ ní Jámánì, nítorí lórí pápá àwọn ará ibí, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń pè ní “du”, ‘ìwọ’ tiwọn, ì báà ṣe bàbá àgbà. Ọmọ pásítọ̀ ní òun ò lè pe àgbà ní “du”, pé Jámánì tí òun gbọ́ kò tíì tó èyí tí òun lè fi dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú.

“Ẹ̀yin boys yìí, ẹ gbọ́. Ẹ rí line funfun yẹn? Tí mo bá ti kọjá ẹ, I’m not anybody’s ẹ̀gbọ́n. ‘Ìwọ’ ni kí ẹ máa pè mí. Ẹ ní ‘fi sílẹ̀’, ẹ ní ‘sáré’, ẹ ní ‘wá síbí’. Match bá ti parí, kálukú á padà sáyè ẹ̀.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Ìwọ kípà, ìwọ gan-an ni mò ń wò. You no dey fear anybody. Ìwọ ni wàá bẹ̀rẹ̀.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e la fi ṣe ìdánrawò, ẹnu kọ̀. Ọmọ pásítọ̀ di ojú méjèèjì, ó ní, “Sáré…” ó sinmi díẹ̀, ó ní “sà.” Balógun sọ tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ débi pé Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ rárá. Èmi gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, “Ẹ fi sílẹ̀” náà ló ń jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, “Fi sílẹ̀!” jáde gbọnrangandan, Ẹ̀gbọ́n sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n na àtàǹpàkò sí mi. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ “ẹ” fún ẹni tó fi ọjọ́ kan péré jù mí lọ, èyí wá jẹ́ ìsinmi.

Ara àwọn yòókù kò sì balẹ̀ bíi tèmi. Àwọn ló dá àṣà kan sílẹ̀: bí rẹfirí bá ti fun fèrè ìparí, kí Ẹ̀gbọ́n tó kọjá ìlà funfun, gbogbo wa á dọ̀bálẹ̀ lórí koríko láti tọrọ àforíjì fún gbogbo “ìwọ” tí a ti sọ. Ẹ̀gbọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ti gbọ́, dìde. Dìde, mo ti gbọ́.” Àwọn òyìnbó rò pé eré ìdárayá ni. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin, ẹgbẹ́ tí a jọ gbá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọ̀kan nínú wọn sì ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ká fi wà níbẹ̀. Mo ní ogún. Wọ́n sì kà á pé.

Bí sáà náà ṣe dùn nìyẹn. Ẹnu mi gbòòrò, ẹ̀yìn wa le, a ń borí. Nígbà tí a padà sórí pápá lẹ́yìn ìgbà òtútù, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti Hamburg ló wà níwájú wa. Àmọ́ orúnkún Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ibi tí wọ́n ti máa ń dúró de bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ló ń dé síbẹ̀ ṣáájú wọn báyìí. Wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọn ò ráhùn. Góòlù méjì wọlé nítorí rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń kùn lẹ́yìn wọn.

Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ yẹn gan-an, ní Hamburg. Bí a bá borí, àwa la ni ife. Bí a bá ta ọ̀mì, àwọn ọmọ Hamburg ló ni ín. Balógun fà mí sẹ́yìn.

“Guy, ìwọ àti Ẹ̀gbọ́n lẹ jọ máa ń wọ train. Abeg, bá wa sọ fún wọn. Kí wọ́n bá wa dé Hamburg, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa cheer wa. Ẹsẹ̀ wọn ti lọ.”

Mo ní kò burú. Òótọ́ ni pé S-Bahn kan náà là ń wọ̀. Lichtenberg ni mo máa ń bọ́ọ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n á máa bá a lọ sí Marzahn, níbi tí yàrá kan tí wọ́n háyà wà nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro yẹn. Lọ́jọ́ náà a jókòó kọjú síra wa. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, orúnkún yín ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.” Wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n wá wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé láti Monday dé Friday, tí mi ò bá wọ lab, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ibo ni mo wà? Email ni supervisor mi fi ń kí mi. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà nílé, phone ni. Sátidé nìkan ni ẹnì kan ń retí mi nílùú yìí. Mo máa ń jí ní aago márùn-ún bí ọmọ tó fẹ́ lọ sódún.” Wọ́n fọwọ́ pa orúnkún. “Ó dà bíi pé o fẹ́ sọ nǹkan.”

“Rárá, sà.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Ọkọ̀ dé Lichtenberg, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ló mú mi dákẹ́, pé ọmọdé kì í lé àgbà kúrò nídìí oúnjẹ. Mo wá pa irọ́ funfun báláú fún balógun. Mo ní mo ti sọ ọ́, pé Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ mí pé kí a jẹ́ kí àwọn gbá èyí tó kẹ́yìn yìí. Balógun ní ó dáa, bí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ ṣe.

A wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní gbogbo abúlé dé Hamburg. Òjò ń rọ̀ tí kò fẹ́ rọ̀, tí kò sì fẹ́ dá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ọ̀nà odò. Balógun fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìdajì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó di ká dènà. Mo pariwo títí ohùn mi fi há: “Sún! Sáré! Mú u!” Ẹ̀gbọ́n ń sún, Ẹ̀gbọ́n ń sá, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ tẹ̀lé èkejì. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọ Hamburg gbá bọ́ọ̀lù kan gíga sí iwájú mi, tèmi ni, mo ti jáde, mo ti na ọwọ́. “Fi sílẹ̀!”

Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Mo rí i pé wọ́n gbọ́, wọ́n fẹ́ dúró, orúnkún ni kò gbà. Ó yẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n já lù mí, bọ́ọ̀lù ba èjìká wọn, ó sì yí wọ inú àwọ̀n pẹ̀lú sùúrù.

Mo dìde. Ohun tí mo sọ, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì sọ ọ́ sókè.

“Ṣé o dití ni? Àgbàyà! Lọ jókòó sí Marzahn ẹ, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ níbí!”

Àwọn ọmọ Hamburg ń yọ̀ lápá kan. Lápá tiwa, gbogbo ojú yí sí mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé “ìwọ” tí Ẹ̀gbọ́n fún wa láyè láti sọ kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́tà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, èkejì jẹ́ ti ẹ̀gàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ àyàfi èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni ibi tí mo ti rí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí i tó fọ́ lójú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn koríko kúrò lára, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí balógun pé kí ẹnì kan wá gba ipò àwọn, wọ́n sì rìn jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro.

Ọ̀mì la ta. Fèrè fun. N kò dúró de ẹnikẹ́ni, mo sáré tọ Ẹ̀gbọ́n lọ lẹ́yìn ìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Mo ń retí ọwọ́ wọn lẹ́yìn mi. Ọwọ́ ò wá.

“Ẹ dìde,” ni wọ́n wí. “Ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí.”

Mo rò pé àwọn yòókù ti dùbúlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yí ọrùn wò. Kò sí ẹnì kan. Gbogbo wọn ṣì dúró ní àárín pápá, èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀. Èmi ni “ẹ”. Èmi ni “yín”. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá dùn mọ́ mi.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, Ẹ̀gbọ́n bá gbogbo ọmọ ṣe àwàdà, wọ́n fún ọmọ pásítọ̀ ní ẹ̀pà, wọ́n ní, “Gbà, jẹ, ojú ẹ ti gbẹ.” Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀.” Bí èèyàn ṣe ń bá òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí a dé Berlin wọ́n ní àwọn fẹ́ yà kí ẹnì kan, kí n máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e mì. Ní Sátidé kẹta mo ra iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé ní Neukölln, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Marzahn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mú àgbàlagbà kan dání, torí èèyàn kì í dá lọ bẹ àgbà, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ létí ẹlòmíràn. Àjà kọkànlá ni. Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n wo iṣu, wọ́n wò mí.

“Ẹ wọlé.”

Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo ohun tí mo ti to sílẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní kí n jókòó, pé àwọn ti dárí jì mí láti Hamburg, mo sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n wá fa àga wọn sún mọ́ mi.

“Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè nǹkan kan. Ọjọ́ tí a wà nínú train yẹn, ṣé wọn ò rán yín sí mi ni?”

Ẹnu mi tó ń jí wọ́ọ̀dù kejì ò sọ nǹkan kan.

“Mo mọ̀. Ojú yín ti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kú, ṣé kì í ṣe èmi ni mo ni ín? Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé ẹ ò lè sọ ọ́, mo ní kí n ṣí ọ̀nà fún yín. Mo sọ ohun tó ń dùn mí kí ẹ lè sọ tiyín. Mo rò pé ẹ máa ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ o, àmọ́ ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, a ṣì ń retí yín.’ Just one sentence. Ǹ bá ti bọ́ bàtà yẹn lọ́jọ́ náà.” Wọ́n gbé iṣu náà lé orí ẹsẹ̀, wọ́n ń yí i. “Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì dùn ún gbọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ìbínú lẹ wá fi sọ ọ́.”

Mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé mo máa sunkún. Wọ́n fún mi ní tíṣù, wọ́n lọ gbé omi iṣu kaná.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ máa pè mí ní ‘ìwọ’ bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n ronú sí i, wọn ò fi mí ṣeré. “Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tí mo rí yín lójú ihò ilẹ̀kùn, kí n tó ṣí i, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ara mi. Mi ò fi fìyà jẹ yín. Ẹnu mi ló kọ̀.”

Mo jẹ iṣu náà pẹ̀lú wọn, mo fọ abọ́, mo lọ. Nígbà tí ìdíje tuntun bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún balógun pé kí ó wá aṣọ́lé mìíràn, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún un. Ó bú mi dáadáa, mo gbà á. Láti ìgbà náà, Marzahn ni mo ń lọ ní gbogbo Sátidé, títí Ẹ̀gbọ́n fi parí ìwé wọn tí wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn. Ó lé ní ọdún kan. A ń se oúnjẹ, a ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi, wọ́n ń ṣàlàyé ibi tí ẹni tó wà ní ẹ̀yìn ti ṣàṣìṣe. A rẹ́rìn-ín púpọ̀ nínú yàrá yẹn. Ní gbogbo ìgbà náà, wọn ò pè mí ní “ìwọ” lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí mo sìn wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n dì mọ́ mi títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi ń sọ pé kí a sún.

“Ẹ tọ́jú ara yín,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Ó dàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n,” mo sì gbé àpò wọn lé wọn léjìká.